Kí ẹ tó sanwó kámpà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bi mí bóyá kámpà tuntun ni kí ẹ rà tàbí àlòkù. Kí n tó dá yín lóhùn, ọkọ̀ wo ló máa fà á? Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ní Houston tí a wà yìí, mo ti rí àwọn ọmọ wa tó dúnàádúrà títí, tí wọ́n sanwó tán, kó tó wá yé wọn pé jíìpù tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé kò lágbára ilé tí wọ́n so mọ́ ọn nídìí.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ awakọ̀. Àlẹ̀mọ́ kan wà lára irin níbẹ̀ tó sọ iye ìwọ̀n ènìyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ yín lè gbé. Ká ní 1,400 pọ́n-ùn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì, ọmọ mẹ́ta, àti màmá tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹ ó tó 800. Ó ku 600. Kámpà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó 6,000 nígbà tí ẹrù bá wọ inú rẹ̀ tán, imú rẹ̀ ní láti tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ yín ní ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yẹn, ìyẹn 600 sí 900 pọ́n-ùn. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kámpà á máa jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún lórí òpópónà I-45, ẹ̀rù á sì ba ẹni tó ń wakọ̀ àti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ yín ti kún nìyẹn, ẹ kò sì tíì gbé kúlà kan ṣoṣo sí bùútù.

Ẹni tó ń tajà á sọ fún yín pé ọkọ̀ náà lè fa 7,000 pọ́n-ùn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n fífà yàtọ̀ sí gbígbé, gbígbé ló sì máa ń kọ́kọ́ tán. Ẹ má sì gba ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ìpolówó gbọ́, nítorí ìwọ̀n kámpà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo ju pọ́n-ùn mẹ́jọ lọ. Tánkì oní-40 gálọ́ọ̀nù tó bá kún ti lé ní 330. Ẹ wá fi gáàsì kún un, ẹ fi bátìrì kún un, ẹ fi ìkòkò kún un. Mo mọ̀ yín, ẹ ò lè sun ìta ní òru méjì láìgbé odó àti ìkòkò ọbẹ̀ dání. Ìwọ̀n tó ga jù lọ tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí wà lára àlẹ̀mọ́ tó wà lára kámpà fúnra rẹ̀. Òun ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Tí ẹ bá ti mọ ibi tí agbára ọkọ̀ yín mọ, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ tuntun àti àlòkù.

Ohun tó ń pa kámpà, omi ni. Èrò ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé lọ sí ọjà kámpà: wọ́n ń béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é, wọ́n ń wò ó bóyá ó ń dán. Àmọ́ irin kọ́ ni kámpà. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, fóòmù ni, ìṣó kéékèèké ni, wọ́n wá da awọ rọ́bà bo orí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà á lọ sí Galveston, ilé náà á mì tìtì látorí dé ìsàlẹ̀. Lórí òrùlé yẹn, wọ́n gbẹ́ ihò fún fèrèsé afẹ́fẹ́, ihò fún ẹ̀rọ amúlétutù, ihò fún páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù dí etí gbogbo wọn. Oòrùn Texas á sè gọ́ọ̀mù náà títí tí yóò fi sán. Òjò á bá ojú ibẹ̀ wọlé, á máa rìn nínú ògiri níbi tí ojú kò tó. Ó lè pẹ́ gan-an kí ẹ tó rí àmì pupa rúsúrúsú kan lójú àjà, nígbà yẹn, pákó inú lọ́hùn-ún á ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tí a rì sínú tíì. Àtúnṣe rẹ̀ lè gba owó tó pọ̀ ju iye tí kámpà náà tó lọ.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ́kọ́ ń béèrè ọjọ́ orí kámpà. Ẹni tó ń gun orí òrùlé rẹ̀ ni mo ń béèrè. Kámpà ọlọ́dún méjì tí wọ́n pa tì sábẹ́ òjò, tí ẹnikẹ́ni kò gorí rẹ̀ wò, ti lè bàjẹ́ ju ọlọ́dún mẹ́wàá tí bàbá kan ń gbé àkàbà tì ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin lọ́dún, tó ń wo gọ́ọ̀mù, tó ń fi òmíràn kún un níbi tó bá ti sán.

Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn òjò bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́nu ilẹ̀kùn, àti ní gbogbo igun. Ibi tó bá ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, omi ti jẹ ẹ́. Ẹ ṣí àwọn kọ́bọ́ọ̀dù òkè, ẹ ti orí bọ inú wọn, kí ẹ gbóòórùn wọn. Bí wọ́n bá fín lọ́fínńdà sínú kámpà kí ẹ tó dé, ẹ fura. Ẹ jáde síta, ẹ fi ojú tọ ògiri látìbẹ̀rẹ̀ dópin bí oòrùn bá ṣe ń ràn sí i, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra á: ibi tó bá wú, awọ òde ti já kúrò lára pákó nìyẹn, kò sì sí àtúnṣe tó rọrùn fún un. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn ọ̀rinrin inú pákó, ẹ ó rí i rà ní ibi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́. Ẹ fi kan igun gbogbo fèrèsé.

Tuntun ńkọ́? Agbègbè Elkhart ní Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kámpà Amẹ́ríkà. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, tí kò sí ẹni tó fẹ́ wọ òtẹ́ẹ̀lì tàbí bàlúù, ìdílé gbogbo sáré lọ ra kámpà. Ní 2021 nìkan, tí a bá ka àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì tiwọn mọ́ ọn, àwọn ilé iṣẹ́ kó èyí tó lé ní 600,000 jáde, kò sì sí ọdún tí wọ́n tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú kíkọ́ kámpà, ẹ̀yin náà sì mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń rí bí wọ́n bá ń sáré ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí kò sí ìkánjú pàápàá, kámpà tuntun máa ń ní àléébù tirẹ̀: dúrọ́ọ̀ tí kò pa dé, páìpù tí kò so dáadáa, iná tó ń tàn lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló máa lo ọdún àkọ́kọ́ láti máa gbé e padà síbi tó ti rà á. Wárántì ọdún kan ló wọ́pọ̀, àkókò ẹ̀rùn tí ẹ fẹ́ lò ó gan-an sì ni àgbàlá àwọn alátùn-únṣe máa ń kún.

Mi ò ní kí ẹ má ra tuntun o. Òfin Texas tó ń gbèjà ẹni tó bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ tuntun tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn kan kámpà náà, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Bí owó bá wà nílẹ̀, tí ẹ ní ibi tó ní ìbòrí tí ẹ ó gbé e sí, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ó lò ó fún ọdún mẹ́wàá ó lé, ẹ rà á, kí ẹ sì máa gun òrùlé rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ yá owó ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún. Wọ́n á sọ fún yín pé owó oṣooṣù rẹ̀ kéré. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tí kámpà náà tó máa ń yára wálẹ̀ ju gbèsè lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ lè rí i pé ẹ gbọ́dọ̀ fi owó kún owó kí ó tó kúrò lọ́rùn yín.

Tèmi, àlòkù ni mo máa sọ fún yín pé kí ẹ wá. Kí ó jẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ó wá látọwọ́ ìdílé kan ṣoṣo, kí ó sì ti ń gbé lábẹ́ ìbòrí. Àwọn onílé àkọ́kọ́ ti bá yín fara da dúrọ́ọ̀ àti páìpù, apá tó pọ̀ nínú owó tó ń jábọ́ sì ti jábọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ kí àkísà ẹlòmíràn wúlò fún yín.

Ṣùgbọ́n a kì í ta àgbébọ̀ adìẹ lọ́jà lásán. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ń tà á, kí ẹ sì dákẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọn ò bá wa lọ mọ́: ìdáhùn gidi nìyẹn. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, HOA, ní ká gbé e kúrò níwájú ilé: gidi ni. Kí ẹ̀yin náà lọ ka ìwé HOA tiyín, nítorí ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Katy àti Pearland kò gbà kí kámpà sun ẹnu ọ̀nà, owó ibi tí ẹ ó máa gbé e sí á sì wà lọ́rùn yín lóṣooṣù. Ẹni tó bá kàn ní òun fẹ́ rí owó, tí kò rí ọ̀rọ̀ míì sọ, ẹ tún òrùlé rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ìhà tiwa, ẹ ṣọ́ra fún omi míì tó yàtọ̀ sí òjò. Nígbà tí ìjì Harvey bo Houston mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2017, àìmọye ọkọ̀ ló rì, ohun tó bá sì ti rì máa ń rìn jìnnà kó tó rí ẹni rà á. Ẹ wo ìdí ìṣó abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bóyá ó ti dógùn-ún, kí ẹ wo ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ bóyá ilà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tún ní àwọn kámpà tí ìjọba rà lẹ́yìn ìjì Katrina ti 2005 fún àwọn tí ilé wọn wó. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ìlera ìjọba rí i pé formaldehyde, èéfín tó ń ta ojú àti imú, pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba wá lu wọ́n ní gbàǹjo lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ ìwé mọ́ wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ilé gbé. Àwọn kan sì ti bó ìwé náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ táyà kò gùn. Nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí àkọlé DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní 2019. Táyà kámpà máa ń gbó lórí ìdúró. Bí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ yọ owó táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú iye tí wọ́n pè é, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ yá kámpà fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fà á dé Brazos Bend níbi tí ọ̀nì ti ń yáàrùn. Bí tọkọtaya kò bá tíì jà rí, ìgbà tí ọ̀kan bá ń fi kámpà rìn sẹ́yìn, tí èkejì dúró lẹ́yìn tó ń ju ọwọ́, ni wọ́n máa jà. Ẹ jà á pẹ̀lú kámpà ẹlòmíràn. Ẹ ó tún mọ̀ níbẹ̀ bóyá bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta tó yín, àti bóyá màmá lè gun àtẹ̀gùn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti rí èyí tó wù yín, ẹ pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ kámpà wò, tí kò bá ẹni tó ń tà á tan, kí ẹ sanwó rẹ̀ láìjanpata. Ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ (VIN) tó wà lára kámpà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀, wé ti inú ìwé ọkọ̀, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Bí gbèsè báńkì bá ṣì wà lórí ìwé náà, ẹ má fọwọ́ kan owó yín. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà á jọ lọ sí ọ́fíìsì owó orí ti county, kí ìwé bọ́ sórúkọ yín lójú gbogbo yín, níbẹ̀ ni kí ẹ ti sanwó. Bí ó bá ní òun ò ráyè lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹ ó dúró dè é di ọjọ́ tó bá ráyè, kí owó yín ṣì wà ní báńkì ná.