Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌJỌ: ÒWÌWÍ TÓ Ń KÉ LÓRU
Ìwé kíkà: Matiu 10:29

Gbogbo wa la fẹ́ràn lékelèké. Ó ń tẹ̀lé màlúù kiri pápá, ó ń ṣa tata tí ẹsẹ̀ màlúù lé sókè jẹ. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀.

Òwìwí ńkọ́? Tó bá ké lórí òrùlé, àwọn mìíràn á ní àjẹ́ dé. Wọ́n á sọ ọ́ lókò pa. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á máa fojú burúkú wo ìyá arúgbó kan nínú agbo ilé.

Ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ ẹyẹ yìí. Eku ni oúnjẹ rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀, kì í dún tó bá ń fò. Ó máa ń gbé eku mì lódidi, lẹ́yìn náà á pọ irun àti egungun rẹ̀ jáde lẹ́nu. Ẹ wo abẹ́ igi tó ń bà lé, ẹ ó rí i. Eku tó ń jẹ àgbàdo wa nínú àká ló ń bá wa pa. Igbe rẹ̀ ló fi ń pe èkejì rẹ̀.

Nítorí náà:
1. Ká má sọ òwìwí lókò mọ́, ká sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa.
2. Ká má torí igbe ẹyẹ pe ìyá ẹnikẹ́ni ní àjẹ́.
3. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà lóru, kó dìde gbàdúrà; kó má wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi.

Ìbéèrè: Tá a bá pa òwìwí, ta ni yóò bá wa ṣọ́ àká?