Àpótí Ìmọ̀: Àbámodá lórí ògiri Mushin

Òjò tó ń rọ̀ ní Èkó lọ́dọọdún ju 1,500 mílímítà lọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá wo orí fẹ́ǹsì àtijọ́ ní Mushin tàbí Surulere, ẹ lè rí àbámodá tó ta gbòǹgbò sínú ibi tí sìmẹ́ǹtì ti là. Madagascar ni ewéko yìí ti wá. Omi ló kún inú ewé rẹ̀ tó nípọn, bíi ti ìbátan rẹ̀, ọ̀dúndún.

Kí ni ewéko tó ń fara da ọ̀dá ń wá ní ìlú òjò? Ibi tó hù sí ni kí ẹ wò. Omi kì í dúró lórí ògiri. Bí òjò bá ti dá, kíá ni oòrùn á gbẹ ibẹ̀. Lọ́sàn-án, àbámodá lè pa àwọn ihò tíntìntín ara ewé rẹ̀ dé kí omi má bàa bá oòrùn lọ. Òru ló máa ń ṣí wọn, tí yóò fa carbon dioxide sínú, tí yóò sì tọ́jú rẹ̀ di ojúmọmọ kó tó fi ṣe oúnjẹ. Ọgbọ́n yìí jọ mí lójú gan-an. Etí ewé rẹ̀ náà ló sì ti ń bímọ: ọmọ kéékèèké á yọ gbòǹgbò, wọ́n á já bọ́, wọ́n á sì hù.

Kákítọ́ọ̀sì, tí òun náà ń fara da ọ̀dá, ńkọ́? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Ẹyọ kan péré, Rhipsalis baccifera, ló tún ń hù fúnra rẹ̀ lára igi nínú igbó Áfíríkà. Orò ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ wa jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe kákítọ́ọ̀sì, ẹbí Euphorbia ni. Bí a bá gé e, oje funfun yóò jáde, ẹ má sì jẹ́ kó ta sí yín lójú.