Bí A Ṣe Ń Pa Ìkìlọ̀ Sáfà Lẹ́nu Mọ́ Láì Dì Í Lójú

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Mile 12, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kó tòmátì àti ata wá láti Òkè Ọya. Ká ní ọlọ́dẹ kan wà lẹ́nu géètì, tó máa ń fọn fèrè tí ọkọ̀ bá wọlé lóru. Lóru òní, a mọ̀ pé ọkọ̀ mẹ́ta ń bọ̀. A lè sọ fún un pé, "Bàbá, láti aago kan sí aago mẹ́rin, ẹ má fọn fèrè sí àwọn ọkọ̀ tó bá gba géètì yìí wọlé." Ìyẹn mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí bàbá lọ sùn ńkọ́? Iná lè sọ ní ìsọ̀ ẹ̀yìn, kò sì ní sí ẹni tó máa tètè mọ̀.

Irú iṣẹ́ ọlọ́dẹ yìí ni ètò tó ń ṣọ́ sáfà ń ṣe. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń dá ààpù àti wẹ́ẹ̀bù yín lóhùn. Ètò náà á máa bi í léèrè lemọ́lemọ́: ṣé o ṣì wà? Ṣé àyè ṣì kù fún ìpamọ́? Ṣé ara rẹ ò gbóná jù? Tí ìdáhùn ò bá dáa, á fi álẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tí iṣẹ́ kàn. Kì í ṣe álẹ́ẹ̀tì owó o!

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbà míì, àwa fúnra wa la máa pa sáfà ká lè tún un ṣe. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, GTBank kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí ètò tuntun tó ń jẹ́ Finacle, wọ́n sì ti sọ fún àwọn oníbàárà ṣáájú. Nínú irú iṣẹ́ báyìí, tí sáfà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bá dákẹ́, gbogbo ohun tó gbára lé e ló máa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo tí a ti retí tẹ́lẹ̀ ò kọ́ wa ní nǹkan kan, ńṣe ló ń di etí. Ní Ketu níbí, tí aláàmù mọ́tò bá ń ké lóru, ta ló ń yọjú lójú fèrèsé?

Ìdí nìyí tí a fi ń pa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́. Àmọ́ ewu wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2010, ẹ̀rọ tó ń wa epo lójú òkun, Deepwater Horizon, bú gbàmù ní Gulf of Mexico. Ènìyàn 11 kú. Mike Williams, ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníìkì níbẹ̀, jẹ́rìí níwájú àwọn olùwádìí pé wọ́n ti pa aláàmù gbogbogbòò lẹ́nu mọ́ fún nǹkan bí ọdún kan, kí ariwo tí kò nídìí má bàa jí àwọn òṣìṣẹ́ lóru. Ẹ̀rọ ṣì ń gbóòórùn gáàsì, ó ṣì ń fi hàn ní yàrá ìdarí, ṣùgbọ́n aláàmù ò lè dún fúnra rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe aláàmù ló fa ìbúgbàmù náà. Síbẹ̀, irú àkókò yẹn gan-an ni èèyàn nílò rẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ ká ṣe é? Nagios, tó ti wà láti 1999 nígbà tó ń jẹ́ NetSaint, àti Alertmanager tó ń bá Prometheus ṣiṣẹ́, fi ọ̀nà hàn wá. Àwọn méjèèjì ń dá ìránṣẹ́ dúró, wọn ò dá ìṣọ́ dúró. Àyẹ̀wò ṣì ń lọ, èsì rẹ̀ ṣì wà lójú ìwòran.

Àkọ́kọ́, sáfà tí ẹ fẹ́ tún ṣe nìkan ni kí ẹ dárúkọ, kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́.

Èkejì, ẹ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ní aago ìparí. "Tó bá yá, màá ṣí i" lè di ọdún kan.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ orúkọ yín àti ìdí rẹ̀. Alertmanager ń béèrè méjèèjì, kí ẹni tó gba iṣẹ́ láàárọ̀ lè mọ ẹni tó máa pè.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo aago dáadáa. Aago UTC ni ọ̀pọ̀ irú ètò yìí ń lò, Èkó sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Tí ẹ bá kọ 01:00 sí 04:00 láìṣe ìṣirò, aago méjì òru Èkó ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, á sì parí ní aago márùn-ún. Fóònù yín á dún fún odidi wákàtí kan lásán. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ ò tún ní gbọ́ nǹkan kan fún wákàtí kan, tó sì jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni àṣìṣe tuntun máa ń jáde.

Paríparí rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo ojú ìwòran títí iṣẹ́ á fi tán. Tí iṣẹ́ bá tètè parí, ẹ fọwọ́ ara yín mú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà kúrò, ẹ má dúró de aago. Tí ìkìlọ̀ kan bá wá dún lẹ́yìn náà, ẹ má bínú sí i: ohun tí àtúnṣe yín bàjẹ́ ló ń fi hàn yín, kí àwọn oníbàárà tó jí.