Òṣùwọ̀n Ẹ̀tù: Àìyẹhùn Kì í Ṣe Òótọ́

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdẹ ni í máa tún kátíríìjì ìbọn wọn dì fúnra wọn. Èèpo èyí tí wọ́n ti yìn ni wọn yóò ṣà jọ. Wọn yóò pààrọ̀ ohun tí ń ṣáná ní ìdí rẹ̀, wọn yóò rọ ẹ̀tù tuntun sí i, wọn yóò sì fi ọta dé e. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀tù yìí kì í ṣe ẹ̀tù dúdú inú ṣakabùlà. Ó lágbára jù ú lọ púpọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ayìnbọn lọ́wọ́.

Gíréènì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. 7,000 rẹ̀ ni pọ́n-ùn kan. Kátíríìjì ìbọn ìléwọ́ mìíràn kò gbà ju gíréènì 5 lọ.

Mo yẹ òṣùwọ̀n oníná ojúlùmọ̀ mi kan wò níbẹ̀. A gbé e sórí tábìlì tí kò dagun, a pa fáànù, a sì tàn án sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá ni mo gbé irin ìdánwò gíréènì 5 lé e. Ìgbà mẹ́wàá ni ó pè é ní 4.7. Ojúlùmọ̀ mi ní òṣùwọ̀n òun kì í yẹhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irọ́ kan náà ni ó ń tún pa! Ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ yóò máa bu ẹ̀tù lé ẹ̀tù kí nọ́mbà lè pé 5. Irin gíráàmù 100 ni ó fi ń tún un ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì tọ̀nà níbẹ̀; ta ni ń rọ gíráàmù 100 sínú kátíríìjì kan?

Àwọn kan a máa fi owó ẹyọ nickel dán òṣùwọ̀n wò nítorí pé gíráàmù 5 ni. Èmi kò fara mọ́ ọn. Òfin fàyè gbà á kí ó fi nǹkan bí gíréènì 3 dín tàbí kí ó fi lé.

Ìdánwò kan ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹ fi àwo òfìfo lé òṣùwọ̀n, ẹ sọ ọ́ di òdo, ẹ gbé àwo kúrò, kí ẹ sì kọ nọ́mbà tí ó bá fi hàn sílẹ̀. Ẹ dá àwo padà, kí ẹ máa ju hóró ẹ̀tù sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Àwọn òṣùwọ̀n kan a ka ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀ sí ìgbọ̀nrìrì ara wọn, wọn a sì dá a padà sí òdo. Ẹ tún gbé àwo kúrò: bí nọ́mbà bá ti ju ti àkọ́kọ́ lọ, òṣùwọ̀n ti gbé ẹ̀tù mì.

Ti ojúlùmọ̀ mi gbé e mì. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni a fi tú gbogbo kátíríìjì tí ó ti fi dì.