Ẹ Gba Idà Lọ́wọ́ Rẹ̀ Ná

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ ìtàn àròsọ nípa ayé àtijọ́ ní Éṣíà, mo ti ń ka iṣẹ́ yín, mo sì ní ẹjọ́ láti bá yín rò. Bí akọni obìnrin bá ti wọ inú ìtàn yín báyìí, idà ni yóò kọ́kọ́ fà yọ. Bó bá lanu, ọ̀rọ̀ ọmọge òde òní ni yóò jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayé àwọn ọba Delhi ló ń gbé. Wọ́n ní kó lọ́kọ, ó ní òun ò ṣe, ó bá tirẹ̀ lọ, ìyà kankan ò sì tẹ̀lé e. Ẹ gba idà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ná, ká wo ohun tó kù.

Ẹ lọ wo Nyai Ontosoroh nínú Bumi Manusia, ìwé Pramoedya Ananta Toer, ará Indonéṣíà. Ẹlẹ́wọ̀n ni Pramoedya ní erékùṣù Buru nígbà tó kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ìtàn náà fún àwọn tí wọ́n jọ wà látìmọ́lé; ọdún 1980 ló tó di ìwé. Bàbá Nyai yìí ń wá ipò akápò ní iléeṣẹ́ ṣúgà kan ní Java, ló bá ta ọmọ rẹ̀ fún òyìnbó Dutch. Ọmọ náà kò gún ẹnikẹ́ni lọ́bẹ. Ó kọ́ èdè Dutch, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé owó, títí oko màlúù àti òwò wàrà fi bọ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀. Kò sì dárí ji àwọn òbí rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀: òǹkọ̀wé yẹn kò bẹ̀rù pé a lè kórìíra ẹni tó dá. Nígbà tí ọ̀ràn dé kóòtù, òfin àwọn Dutch kò kà á sí aya, kò sì kà á sí ìyá ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí. Ó jà, ó pàdánù. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ wádìí òfin ìlú obìnrin yín: ta ló ń jogún, ta ló lè fọwọ́ síwèé, ta ló ni ọmọ? Ibi tí òfin ti sé e mọ́ ni agbára rẹ̀ yóò ti hàn.

Ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn haenyeo, obìnrin omùwẹ̀ erékùṣù Jeju ní Kòríà, máa ń wọ ìsàlẹ̀ òkun pẹ̀lú èémí kan ṣoṣo. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń yọ ìgbín òkun lára àpáta, wọ́n á sì so irin náà mọ́ ọrùn ọwọ́. Bí ìgbín bá fún irin yẹn mọ́lẹ̀, tí okùn kò tètè tú, obìnrin náà lè há sísàlẹ̀ omi títí èémí yóò fi tán. Òǹkọ̀wé tó mọ èyí kò nílò ogun kó tó dẹ́rù ba òǹkàwé. Ní 1932, àwọn haenyeo dìde sí ìrẹ́jẹ àwọn amúnisìn ará Jàpáàn. Síbẹ̀, nínú ilé tí àwọn fúnra wọn ń bọ́, ọkùnrin ló ń ṣètùtù àwọn baba ńlá. Ẹ má fi ìyẹn pamọ́ kí obìnrin yín lè baà máa dán.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń dàrú. Obìnrin kan, Razia, jọba ní Delhi láti 1236 sí 1240. Ó fi Yaqut, ọmọ Ábísíníà, ṣe olórí ilé ẹṣin, inú sì bí àwọn ìjòyè Turk. Minhaj, akọ̀tàn tó gbé ayé nígbà ayé Razia, kọ nípa ìbínú yẹn. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló ń fi òfófó kún un, títí fíìmù Razia Sultan ti 1983 fi sọ ọ́ di ìtàn olólùfẹ́ pátápátá. Wọ́n fi ìtàn rere ṣòfò! Lójú tèmi, ọba tó ń wá ènìyàn tirẹ̀ láàfin ni Razia, láàárín àwọn ìjòyè tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tí wọ́n rò pé àwọn ni yóò máa darí rẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn. Bí ìfẹ́ bá fẹ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀, kó wọlé.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ rí báyìí ni ojú ìwé méjì péré, níbi tí obìnrin yín ti ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí tó ń pè é ní akọni. Bí ẹ kò bá tíì mọ irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má tíì fi ránṣẹ́.