Ìtọ́jú Èjìká Tí Ó Máa Ń Yẹ̀

Ní Ìjù-Odò àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, agbára èjìká ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn fi ń jẹun. Ẹni tí ń fi igbà gun ọ̀pẹ gbára lé e. Ẹni tí ń fi dòjé orí ọ̀pá gígùn gé ẹyìn láti ilẹ̀ a máa na apá sókè láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Obìnrin tí ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, tí yóò fi ṣe púpurú, èjìká ni ó fi ń gbé agbọ̀n náà dé orí. Nítorí náà, bí èjìká bá yẹ̀, oúnjẹ ilé wà nínú ewu. Bí ó bá sì tún yẹ̀ nígbà tí onítọ̀hún wà lórí ọ̀pẹ, ẹ̀mí rẹ̀ pàápàá wà nínú ewu.

Oríkèé èjìká kò rí bí ti ìbàdí. Ní ìbàdí, orí egungun itan wọ inú kòtò jíjìn. Ní èjìká, orí egungun apá dà bí ọsàn tí a gbé ka orí àwo pẹrẹsẹ kékeré. Ìdí nìyí tí apá fi lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ju gbogbo oríkèé yòókù lọ. Ìdí náà sì nìyí tí ó fi ń tètè yẹ̀. Ohun tí ó dì í mú ni okùn ara tí ó so egungun mọ́ egungun, àti iṣan mẹ́rin tí ó yí orí egungun náà ká bí ìka ọwọ́ ti í di igbá mú. Ọ̀nà iwájú ni ó sábà máa ń gbà yẹ̀, nígbà tí apá bá wà lókè tí ohun kan sì tì í sẹ́yìn lójijì, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ọ̀pẹ tí ó sì fi ọwọ́ kan di imọ̀ mú.

Ní 1923 ni Blundell Bankart, dókítà iṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé ṣàlàyé pé bí èjìká bá yẹ̀ báyìí, etí ibi tí egungun náà jókòó lé a máa ya. Etí tí ó ya yìí kì í sábà lẹ̀ padà dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé 20 ọdún ni ọ̀ràn náà le fún jù: èjìká ju ìdajì wọn lọ ni yóò tún yẹ̀. Ti ẹni tí ó ti ju 40 ọdún lọ kì í sábà tún yẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ lè ti já. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá lè gbé apá sókè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó padà lọ rí dókítà.

Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ìwé Hippocrates kọ́ni pé kí a fi irin gbígbóná jó abíyá aláìsàn, kí àpá rẹ̀ lè di egungun náà mú. Ìyà kékeré kọ́ ni wọ́n jẹ! Ti òde òní kò ní oró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Okùn ara tí ó ti fà kì í padà le bí ti tẹ́lẹ̀. Iṣan ni a ó fún ní agbára kí ó lè bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí èjìká bá kọ́kọ́ yẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà á. Ọgbọ́n wà lọ́wọ́ àwọn tí ń to eegun ní ìletò wa, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí egungun tí ó sán nínú ẹran ara. Kí a fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọrùn, kí a sì gbé aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn ní Òkìtìpupa, kí wọ́n ya fọ́tò egungun kí wọ́n tó dá a padà. Bí ọwọ́ bá tutù tàbí tí ó funfun, tàbí tí awọ ẹ̀gbẹ́ èjìká kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, kí wọ́n yára gan-an.

Lẹ́yìn tí a bá ti dá a padà, apá yóò wà nínú aṣọ fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, bí dókítà bá ti wí. Kí aláìsàn máa di ìkúùkù kí ó sì máa tú u, kí ó máa ká ìgbọ̀nwọ́ kí ó sì máa nà án. Bí ó bá ń wọ ẹ̀wù, apá tí ó ń dùn ún ni kí ó kọ́kọ́ wọ̀; bí ó bá ń bọ́ ọ, òun ni kí ó bọ́ kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá gbà á láyè, kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó fi ọwọ́ kejì ti tábìlì, kí ó sì jẹ́ kí apá náà rọ̀ sílẹ̀ kí ó máa fì jẹ́jẹ́ bí okùn kànga, ní ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni títi ògiri. Kí ó ká ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ó fi ìkúùkù ti ògiri níwọ̀nba títí yóò fi ka ení dé àrùn-ún, láìjẹ́ kí apá kúrò lójú kan. Kí ó ṣe é síwájú, kí ó sì yí padà ṣe é sí ẹ̀gbẹ́.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kan rọ́bà. Tíúbù kẹ̀kẹ́ tí ó ti gbó tó fún iṣẹ́ yìí. Kí a gé e gígùn, kí a so ó mọ́ òpó ilé ní ìwọ̀n ìdodo. Kí aláìsàn fi ẹ̀gbẹ́ tí ó dára kọ òpó, kí ó ká aṣọ kékeré sáàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ìhà, kí ó sì fa rọ́bà láti iwájú ikùn lọ sí òde. Dídá a padà ni kí ó lọ́ra jù. Bí aṣọ náà bá bọ́, kò ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn èyí kí ó yí padà, kí ó máa fà á wá sí ikùn. Kí ó tún kọjú sí òpó, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì fa rọ́bà títí egungun pẹlẹbẹ méjì tí ó wà lẹ́yìn èjìká yóò fi súnmọ́ ara wọn. Ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ìrora bá wà títí di ọjọ́ kejì, kí ó dín in kù.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìrora a lọ, wọn a sì ju rọ́bà nù, nígbà tí iṣan kò tíì ní agbára. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yẹ èjìká wọn kí àwọn ẹgbẹ́ wọn lè rẹ́rìn-ín. Ṣe ni wọ́n ń fa okùn ara wọn sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju òkò, kí ó má sì gun ọ̀pẹ, kí ó tó pé oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Nígbà náà pàápàá, kí ó kọ́kọ́ dán apá méjèèjì wò bóyá agbára wọn dọ́gba, kí ó ti ògiri, kí ó ti tábìlì, kí ó sì dọ̀bálẹ̀ ti ilẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù. Bí èjìká bá tún yẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, iṣẹ́ abẹ wà tí a fi ń rán etí tí ó ya náà padà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti ilé-ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì, Èkó, tí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀ fún àwọn sójà tí ó fara pa lójú ogun. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pàápàá, rọ́bà ara òpó náà ni aláìsàn yóò padà wá bá nílé.