Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́

Àwọn àgbà ni wọ́n pa á lówe pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò yẹ kí ìwòsàn burú ju àìsàn lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń pa òwe yìí ni kì í rántí rẹ̀ nígbà tí orí gan-an bá ń fọ́ wọn. Bí orí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, wọn a gbé oògùn mì. Bí ó bá tún fọ́ lọ́jọ́ kejì, wọn a tún gbé òmíràn mì. Bí kò bá sì dáwọ́ dúró, wọn a ní ọwọ́ ọ̀tá wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé orí tí ń fọ́ léraléra a máa ní ìdí, ẹni tí ó bá sì fara balẹ̀ wá ìdí náà kì í sábà wá a tì.

Ohun ìyanu kan ni pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Láti inú awọ tí ó bo ọpọlọ, inú iṣan ẹ̀jẹ̀, àti inú ẹran orí àti ti ọrùn ni ìrora náà ti ń wá. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú orí fífọ́ tí ń padà wá. Èkíní a máa fún orí yíká, bí ìgbà tí a bá wé gèlè tí ó le jù. Wàhálà, àárẹ̀ àti pípẹ́ jù lórí ìwé ni ó sábà ń fà á. Èkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ni ó sábà ń mú, a sì máa lù kì-kì-kì bí ìgbà tí a ń gúnyán. Èébì a máa gbé ẹni náà, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo a sì máa ni ín lára. Ó lè tó wákàtí 4, ó sì lè tó ọjọ́ 3. A máa rìn nínú ìdílé pẹ̀lú. Irú èyí ni àwọn Yorùbá ń pè ní túúlu, tí àwọn dókítà sì ń pè ní migraine.

Túúlu kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ẹni tí ó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láti ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà. Àwọn tí wọ́n wádìí lé ní 18,000. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1992, nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 100 ni irú orí fífọ́ yìí ti mú rí. Nítorí náà, ẹni tí túúlu ń mú kò dá nìkan wà, kì í sì í ṣe pé ayé dìde sí i.

Ìjánikin, ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, jẹ́ ìlú tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Ká fi akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń gbé níbẹ̀, tí ilé ìwé rẹ̀ sì wà lọ́nà Mile 2, ṣe àpẹẹrẹ. Aago mẹ́rin àbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń jí, kí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ má baà dá a dúró. Kì í jẹun kí ó tó jáde. Kì í sì í mu omi, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n nínú ọkọ̀. Ní alẹ́, a máa kàwé di ọ̀gànjọ́. Bí ó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, orí a ti máa fọ́ ọ. Àwọn ará ilé lè ní iṣẹ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kíyè sí i, wọn yóò rí i pé orí náà kì í fọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tí ó sùn tẹ́rùn, tí ó jẹun, tí ó sì mu omi. Ọ̀tá wo ni ń sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀?

Ohun tí ó yẹ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ó mú ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ọjọ́ àti wákàtí tí orí fọ́ ọ sí i, iye wákàtí tí ó fi sùn, ohun tí ó jẹ, omi tí ó mu, àti oògùn tí ó lò. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, kí ó kọ ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dé pẹ̀lú. Láàrin oṣù kan tàbí méjì, ìwé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí àìsùn ni, kí ó mọ̀ pé ọ̀dọ́ láti ọdún 13 títí dé 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Bí ebi ni, kí ó máa mú oúnjẹ dání. Bí ìwé kíkà ni, kí a yẹ ojú rẹ̀ wò, bóyá awò ni ó ń fẹ́. Bí túúlu bá sì dé, kí ó mu omi, kí ó lo oògùn ní ìwọ̀n tí a là sílẹ̀, kí ó sì dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn tí ó sì pa rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀rọ amúnáwá sì ń ṣiṣẹ́ nítòsí, kí wọ́n jáde síta kíákíá. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide nínú, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí ó lè pa odidi ìdílé lójú oorun.

Oògùn ara ríro dára bí a bá lò ó bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí ń fọ́ tí ó sì ń lo paracetamol ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣooṣù, fún ohun tí ó ju oṣù 3 lọ, lè sọ oògùn náà di ohun tí ń fọ́ ọ lórí. Ní ti àwọn oògùn àpòpọ̀, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó láti fa èyí. Bí agbára oògùn bá ti ń tán lára ni orí tún ń fọ́, ẹni náà a sì tún mu òmíràn. Paracetamol àmujù a sì máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bákan náà, abẹ tí a fi sín gbẹ́rẹ́ sí orí ẹnìkan, tí a tún fi sín ti ẹlòmíràn, lè kó àrùn éèdì àti àrùn ẹ̀dọ̀ ràn án. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni orí bíbẹ́ tí òwe náà ń kìlọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, orí fífọ́ mìíràn wà tí kò yẹ kí a dúró kọ sínú ìwé rárá: èyí tí ó dé lójijì bí ààrá, èyí tí ó bá ara gbígbóná àti ọrùn líle rìn, èyí tí ó tẹ̀lé ìṣubú tàbí ìjàm̀bá ọkọ̀, àti èyí tí ó mú kí ọ̀rọ̀ lọ́ lẹ́nu, kí ojú ṣú, tàbí kí apá kan ara rọ. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Ní ti àwọn yòókù, sùúrù àti àkíyèsí ni oògùn àkọ́kọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì mú ìwé rẹ̀ tọ dókítà lọ, iṣẹ́ dókítà yóò rọrùn, nítorí kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa méfò ohun tí orí ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́.